Ohun Tí Wọ́n Fi Ń Dí Ihò Àyà ní Port Harcourt

Ní Eleme, tí kò jìnnà sí Port Harcourt rárá, iléeṣẹ́ ńlá kan wà tó ń sọ gáàsì di ike. NNPC ló dá a sílẹ̀, Indorama sì rà á ní 2006. Ọ̀kan nínú irú ike tó ń ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní polypropylene. Òun ni wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe àga ike tí a máa ń háyà bí a bá ń ṣe òde. Ike yìí kan náà, tí wọ́n bá fà á títí tó fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tí wọ́n hun ún bí àwọ̀n, tí wọ́n sì pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀, ni àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń rán mọ́ àyà ènìyàn nígbà tí wọ́n bá ti gé egungun ìhà tó bàjẹ́ kúrò, tí ihò wá ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ àwọ̀n tí wọ́n ń lò ní yàrá iṣẹ́ abẹ kì í ti Eleme wá. Òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. Mo fẹ́ kí àwa tí a ní ará ní Port Harcourt, àti àwa tí a wà níbòmíràn, mọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ títún àyà kọ́, nítorí pé ọjọ́ tí ọ̀ràn náà bá kanlẹ̀kùn, ara kì í balẹ̀ láti béèrè ohunkóhun. Ohun tí wọ́n fi ń dí ihò àyà pọ̀: ẹran ara aláìsàn fúnra rẹ̀, awọ líle tó bo ẹran itan, ike, irin, sìmẹ́ǹtì egungun, àní awọ tó yí ọkàn màlúù ká. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ara aláìsàn ló yẹ kó sọ èyí tí wọn yóò yàn. Nílẹ̀ wa, àpò rẹ̀ ló sábà máa ń sọ ọ́.

Bí ihò ṣe ń dé àyà ní Port Harcourt kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìlú náà. Títì East-West gba Alakahia kọjá, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Port Harcourt wà, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní UPTH. Ọkọ̀ akẹ́rù àti táńkà epo kì í wọ́n lójú títì yẹn. Bí ọkọ̀ bá fi ìhà ènìyàn há irin, egungun á rún. Ìbọn náà wà. Ọyún tó bá pẹ́ nínú àyà náà lè jẹ egungun. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ló ń dá èyí tó tóbi jù sílẹ̀. Nígbà mìíràn, egungun ìhà tàbí egungun rírọ̀ tó so ó mọ́ iwájú àyà ni jẹjẹrẹ náà ti hù. Nígbà mìíràn, ọmú ló ti bẹ̀rẹ̀: obìnrin á kan kókó kan lọ́mú rẹ̀, kò ní dùn ún, á sì dákẹ́. Ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ẹ̀rù pé wọn yóò gé ọmú òun, ó lè jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀ ní kó lọ gbàdúrà sí i. Ìgbà tó bá máa dé ilé ìwòsàn, ojú ibẹ̀ ti ya, ó ti ń run, gbòǹgbò àrùn náà sì ti wọ inú ìhà. N kò dá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ìnira tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ju èyí tí ẹni tó jókòó sílé lè fojú inú wò.

Oníṣẹ́ abẹ tó bá fẹ́ kí jẹjẹrẹ má padà kò gbọdọ̀ gé kókó náà nìkan. Ó ní láti gé ibi tó dára díẹ̀ yí i ká, awọ, ẹran àti egungun pa pọ̀. Nítorí náà, bí kókó bá tó ẹ̀kúnwọ́, ihò tó máa ṣẹ́ kù á ju ẹ̀kúnwọ́ lọ dáadáa. Ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ níbí ni pé kí dókítà máa fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú gígé nítorí pé kò rí ohun tó máa fi dí i. Bí nǹkan ìdíhò bá wà nílẹ̀, ó láyà láti gé e dé ibi tó yẹ.

Kí a tó sọ̀rọ̀ nǹkan tí wọ́n fi ń dí i, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń bọ̀ wá ṣe. Àyà ń ṣiṣẹ́ bí ewìrì alágbẹ̀dẹ. Nígbà tí ìhà bá gbé sókè, tí àyà sì fẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á fẹ̀ tẹ̀lé e, afẹ́fẹ́ á wọlé láti imú. Bí ihò bá wà lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba ojú ihò wọlé, ẹ̀dọ̀fóró á sún kì. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń ba àwọn dókítà láti la àyà nígbà àtijọ́. Ní 1904, ní Breslau tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, Ferdinand Sauerbruch ṣe yàrá kékeré kan tí wọ́n ti fa díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde. Ara aláìsàn á wà nínú rẹ̀, orí rẹ̀ á wà níta, kí ẹ̀dọ̀fóró má bàa sún kì bí wọ́n bá là á. Lóde òní, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ó sì ń fẹ́ iná tí kì í kú.

Dídí ihò náà kí afẹ́fẹ́ má gbà á wọlé kò tíì parí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fi awọ lásán bo ibi tí ìhà mẹ́rin tàbí márùn-ún ti kúrò, ojú ibẹ̀ á máa ṣe òdìkejì ohun tí àyà yòókù ń ṣe. Bí aláìsàn bá mí sínú, ibẹ̀ á jìn wọlé. Bí ó bá mí síta, á wú síta. Á máa mí, mímí náà kò sì ní kún un. Kò ní lè wúkọ́ dáadáa, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà á sì tẹ̀lé e. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí ní ìgbà méjìlá sí ogún ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó ju 17,000 ìgbà lọ láàárín ọjọ́ kan. Ohun tí wọ́n bá rán síbẹ̀ gbọ́dọ̀ le tó láti má jìn wọlé, kó sì rọ̀ tó láti bá àyà gbé sókè sọ̀ kalẹ̀ ní iye ìgbà yẹn lójoojúmọ́, láìya, láìṣẹ́. Ó yẹ kó ṣeé tẹ̀ kó bá ìtẹ̀ àyà mu. Ara kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Ó sì dára kí x-ray lè ríran kọjá lára rẹ̀, kí dókítà lè mọ̀ lọ́jọ́ iwájú bóyá jẹjẹrẹ ti ń yọ́ padà wá lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ohun kan ṣoṣo tó ní gbogbo ìwà yìí pé.

Kì í ṣe gbogbo ihò ló nílò nǹkan líle. Èyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ sábà ń tẹ̀ lé ni pé bí ihò kò bá tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, tí ìhà tó kúrò kò sì tó mẹ́ta, ẹran àti awọ lásán tó láti dí i. Ní ẹ̀yìn, lábẹ́ egungun pátákó èjìká, ihò tó tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá pàápàá lè wà láìní nǹkan líle, torí pé pátákó náà fúnra rẹ̀ ti bò ó. Àfi bí ihò bá bọ́ sí ibi tí ṣóńṣó pátákó náà parí sí. Bí aláìsàn bá gbé apá sókè, ṣóńṣó egungun á rì sínú ihò, á há síbẹ̀, onítọ̀hún á sì ké. Irú èyí gbọ́dọ̀ ní nǹkan líle lójú, bó ti wù kó kéré mọ.

Ohun tí a bá ní là ń náání, ẹran ara aláìsàn sì ni ohun àkọ́kọ́. Ẹran ńlá kan wà ní ẹ̀yìn wa, pẹrẹsẹ ni, ó fẹ̀ láti ìbàdí àti ọ̀pá ẹ̀yìn dé abẹ́ apá. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ wọ inú rẹ̀ láti abíyá. Oníṣẹ́ abẹ lè ya ẹran náà kúrò lára ẹ̀yìn, kó fi ìdí rẹ̀ ní abíyá sílẹ̀ pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹn, kó wá yí i wá sí iwájú pẹ̀lú awọ tó wà lórí rẹ̀, kó fi bo ihò àyà. Kò kú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá. Iginio Tansini ti Pavia, ní Ítálì, ló kọ̀wé nípa ọ̀nà yìí ní 1906 fún àwọn obìnrin tí wọ́n gé ọmú fún nítorí jẹjẹrẹ. Àmọ́ William Halsted ti Baltimore, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára gan-an nígbà náà lórí iṣẹ́ abẹ ọmú, kò fara mọ́ fífi ẹran bo ojú iṣẹ́ náà, ọ̀nà Tansini sì wọ inú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí Neven Olivari kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Jámánì ní 1976 ni ayé tún padà sí i. Ìgbà tí mo bá ronú nípa iye obìnrin tí ojú ọgbẹ́ wọn kò jiná láàárín àádọ́rin ọdún yẹn, ó máa ń ká mi lára pé ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo lè sé ọ̀nà tó dára mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ẹran ẹ̀yìn kò dá wà. Ẹran igẹ̀ wà fún ihò àárín àyà, ẹran iwájú ikùn sì ṣeé yí sókè fún ìsàlẹ̀ àyà. Ọ̀rá tó rọ̀ bo ìfun bí aṣọ tún wà, tó ṣeé fà gba abẹ́ awọ wá sí àyà. Ó kún fún ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dúró níbi tí ọyún wà, níbi tí nǹkan mìíràn kò ti lè dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, awọ funfun líle kan wà tó bo ẹran. Bí wọ́n bá gé díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n lè nà án, kí wọ́n rán an mọ́ ẹnu ihò. Àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ ti ń lò ó kí ike tó dé. Gbogbo ìwọ̀nyí kò gba dọ́là kankan. Ohun tí wọ́n ń gbà ni ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, àti wákàtí púpọ̀ lórí tábìlì. Ó sì sábà máa ń gba oníṣẹ́ abẹ méjì: ẹni tó mọ inú àyà àti ẹni tó mọ gígé ẹran àti awọ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ní Port Harcourt, àwọn méjèèjì ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Ní 2015, Kelechi Okonta, Ocheli àti Gbeneol láti UPTH jọ kọ ìròyìn kan sínú Nigerian Medical Journal nípa àwọn aláìsàn tí ọyún kún àyà wọn, tí ihò láti inú ẹ̀dọ̀fóró sì kọ̀ tí kò dí.

Àwọn kan rò pé ẹran ara ẹni jẹ́ iṣẹ́ tálákà, pé ká ní owó wà ni, irin ni wọn ì bá fi ṣe é. Mo fẹ́ tako èrò yìí pátápátá. Ní ilé ìwòsàn tó lówó jù láyé, ẹran ni wọ́n ń fi bo ojú iṣẹ́. Irin tàbí ike tí ẹran kò bò dáadáa, bó pẹ́ bó yá, á yọjú síta. Ibi tí ọ̀rọ̀ owó ti wọlé ni ti nǹkan líle tó yẹ kó wà lábẹ́ ẹran náà nígbà tí ihò bá tóbi. Ẹran nìkan kò lè rọ́pò ìhà márùn-ún.

Ọ̀nà kan wà láti ṣe nǹkan líle yìí tí mo gbà pé ó bá ìlú wa mu jù. Oníṣẹ́ abẹ á mú àwọ̀n ike kan, á gé e bí ihò ṣe rí, á jẹ́ kó fi díẹ̀ tóbi jù ú. Á po sìmẹ́ǹtì egungun, á tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n náà, kò ní jẹ́ kó dé etí rẹ̀, á sì fi àwọ̀n kejì bò ó. Kó tó le, á tẹ̀ ẹ́ kó rí bí ìtẹ̀ àyà ẹni náà. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti le. Etí àwọ̀n tí kò ní sìmẹ́ǹtì ni wọ́n á rán mọ́ ìhà tó kù. Patricia McCormack àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1981, ó sì tàn káyé. Ewu tirẹ̀ ni ooru: sìmẹ́ǹtì náà máa ń gbóná gan-an bó bá ti ń le, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kó le níta ara tàbí kí wọ́n dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún le ju ìhà lọ, kì í bá mímí tẹ̀. Síbẹ̀, sìmẹ́ǹtì yìí kan náà ni àwọn oníṣẹ́ egungun fi ń lẹ oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń pààrọ̀ oríkèé ìbàdí, ó wà nílé tàbí wọ́n mọ ẹni tó ń tà á.

Titanium ni èyí tí gbogbo ènìyàn ń fọkàn fẹ́. Ó fúyẹ́, kì í dípẹtà, ara gbà á, wọ́n sì máa ń ṣe é ní pẹrẹsẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ ìhà. Ní 2015, wọ́n fi ẹ̀rọ títẹ nǹkan jáde (3D printer) tẹ eegun iwájú àyà àti apá kan ìhà fún ọkùnrin ẹni ọdún 54 kan ní Salamanca, ní Sípéènì. Iléeṣẹ́ Anatomics ti Melbourne, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ CSIRO ti Ọsirélíà, ló ṣe é láti inú àwòrán CT scan rẹ̀. Ohun ìyanu ni, kò sì yẹ ká fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ titanium náà máa ń ṣẹ́. Wọ́n ti rí i ní ọ̀pọ̀ ibi pé lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún díẹ̀, ó dá sí méjì nínú àyà ẹni tó wà láàyè, nítorí mímí tí kò dáwọ́ dúró.

Kí ọgbẹ́ má kẹ̀ ló ń pinnu púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n á lò. Kòkòrò tó bá ti sá pamọ́ sínú àwọ̀n ike, oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i mú, àfi kí wọ́n yọ àwọ̀n náà. Ìdí nìyí tí obìnrin tí ojú jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti ya, tó sì ti ń ṣọyún, fi lè máà lẹ́tọ̀ọ́ sí ike rárá bó tilẹ̀ lówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹran àti ọ̀rá ìfun ni tirẹ̀, tàbí àwọ̀n tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ bó bá yá. Àwọn tó rí owó níbòmíràn máa ń lo awọ ẹran tí wọ́n ti fọ gbogbo ẹ̀mí ara rẹ̀ dànù, ti màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀. Ó yẹ kí Mùsùlùmí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mọ èyí tó jẹ́, kó sì ní àyè láti bá àlùfáà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé. Kò yẹ kó jẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Wàyí o, owó. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ìwé kékeré kan ni wọ́n máa ń fún ẹbí aláìsàn: òwú ìrán ojú iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀, ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa omi inú àyà, àwọ̀n. Àbúrò tàbí ọmọ á mú un kiri láti ilé ìtajà oògùn kan dé òmíràn. Láti ìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà 2023, iye tí wọ́n ń pè lórí ohun tó bá ti òkè òkun wá ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ẹbí. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wọ inú ètò náà. Ọ̀pọ̀ kò tíì wọ̀ ọ́, inú àpò ara wọn ni wọ́n ṣì ti ń san owó ìwòsàn. Bí àwọ̀n kò bá sí, iṣẹ́ abẹ á sún síwájú, jẹjẹrẹ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní Houston, ní 1958, Francis Usher bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé nípa àwọ̀n ike tó ń lò láti dí ikùn àti àyà. Ọdún yẹn kan náà ni epo rọ̀bì àkọ́kọ́ ilẹ̀ wa ti èbúté Port Harcourt jáde lọ sókè òkun. Ohun tó ń ti inú epo àti gáàsì wá ni ike, a sì ti ń ṣe é fúnra wa ní Eleme báyìí. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gé àpò ìrẹsì kó rán an mọ́ àyà ènìyàn. Ike ti ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, òwú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe déédéé, ihò àwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí ẹran lè hù gbà á kọjá, ooru tí wọ́n fi pa kòkòrò rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di gbẹgẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó ṣeé dán wò, torí pé wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò nílẹ̀ Áfíríkà. Ní Kamuli, ní ìlà oòrùn Uganda, àwọn oníṣẹ́ abẹ mú ọkùnrin 302 tó ní ìpá. Àwọn kan gba àwọ̀n olówó iyebíye, àwọn yòókù gba èyí tí wọ́n gé láti ara nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tí wọ́n sì ti pa kòkòrò rẹ̀. Ìwé ìròyìn ìṣègùn ti New England gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì láàárín wọn: nínú àwọn tó gba ti nẹ́ẹ̀tì, ẹnìkan ṣoṣo ni ìpá rẹ̀ padà. Iye tí nẹ́ẹ̀tì náà ná wọn kò tó dọ́là kan. Èyí olówó iyebíye tó nǹkan bí dọ́là 125.

Ikùn kì í ṣe àyà. Àwọ̀n tó di ìpá mú kì í gbé sókè sọ̀ kalẹ̀ ní 17,000 ìgbà lójúmọ́, kò sì sí ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìdánwò yẹn fún àyà ní Port Harcourt máa nílò onímọ̀ ike láti yunifásítì tó wà ní Choba, oníṣẹ́ abẹ àyà àti ti awọ láti Alakahia, àti iléeṣẹ́ tó máa hun òwú náà. Ó máa nílò àṣẹ NAFDAC kí àwọ̀n náà tó kan ara ẹnikẹ́ni. Ọdún kan tí wọ́n fi tọ́pa àwọn ará Uganda kò ní tó o: titanium pàápàá, ó máa ń pẹ́ kó tó ṣẹ́, jẹjẹrẹ sì lè padà lẹ́yìn ọdún kejì tàbí ìkẹta. Ó kéré tán, ọdún márùn-ún ni kí wọ́n fi máa pe aláìsàn kọ̀ọ̀kan padà, kí wọ́n yà á ní x-ray, kí wọ́n wọn bó ṣe ń mí, kí wọ́n sì máa san owó ọkọ̀ rẹ̀ wá láti Bori, Ahoada tàbí Omoku, kí àìsówó ọkọ̀ má bàa yọ ọ́ kúrò nínú ìwé.